Wọ́n Ní Kí N Lọ Sinmi Létí Òkun

Dókítà ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wé rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fún un títí ìka mi fi kú, ó wo dígí kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó ti sán tí wọ́n ṣì ń koná sí nídìí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní bí mi ò bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò wá gbé mi kúrò láàárín ọjà tí mò ń tà.

Mo ní, "Dókítà, ẹ dín in kù."

"Kí ni kí n dín kù?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mo lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde tí mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà, a sì parí rẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ má rò pé mi ò bẹ̀rù o. Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọjà Odode, ní Ìdànrè, ọdún tó ṣáájú ló tẹ̀ síwájú láti bu ata fún oníbàárà, tó sì ṣubú lé ata náà. Kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí iṣan ọrùn mi bá ti ń lù kì, kì, kì, ojú ata yẹn ni mo máa ń rí.

Abọ́ ni mò ń tà. Abọ́ tánganran olódòdó, ìkòkò, fláàsì, àwo pẹrẹsẹ. Òpin oṣù kẹjọ ni a wà. Owó kòkó tó kọjá ti tán lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kòkó tuntun kò tíì pọ́n, eṣinṣin nìkan ló ń bà sórí ọjà mi, kò sì ná an. Bí èèyàn bá fẹ́ sinmi, ìgbà náà ni. Ìyàwó tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà mi, tó máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí abọ́ kó tó rà á, òun ló sọ fún mi nípa ilé ìgbafẹ́ kan tó wà létí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Yàrá mẹ́fà, gbogbo fèrèsé kọjú sí omi. Nígbà Kérésì, àwọn onímọ́tò ló ń kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò kò tíì pinnu bóyá kó lọ tàbí kó dúró, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà. Ó ní ibẹ̀ ni òun àti ọkọ òun ti lo ọlidé.

Mo ní, "Kí ni èèyàn máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá Alábọ́. Ẹ ó kàn jókòó ni."

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì sanwó láti jókòó rí. Ṣùgbọ́n ó tún dùn mọ́ mi.

Mo délé, mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá yìí sí, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, kò sì tíì gbà tọkàntọkàn pé a ti sọ̀ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ sinmi."

Lẹ́nu Màmá, òkú nìkan ló ń sinmi. "Ó ti lọ sinmi," ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin nìyẹn. Ó ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kó ọwọ́ lérí.

"Ó ti parí! Ta ni mo ṣẹ̀ o? Èmi arúgbó wà láyé, ìyàwó mi ń dágbére!"

"Màmá, mi ò dágbére. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ru."

"Ẹ̀jẹ̀! Ẹ gbà mí o, ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀!"

Ará ilé jáde, ará ìta wọlé. Ẹnì kan ti ń bi mí ẹni tí mo fẹ́ fi àwọn ọmọ lé lọ́wọ́. Ọkọ mi ló ti ìdí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ sáré dé, tòun ti pẹ́ńsùlù létí. Ọkùnrin yìí kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ láéláé pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ó wo omijé ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì parọ́.

"Màmá, ẹ dákẹ́. Àdúrà ló ń lọ gbà létí òkun."

Kíá ni omijé gbẹ. Aládùúrà ni gbogbo ilé wa; kò sí ẹni tó ń béèrè ìdí tí èèyàn fi ń lọ gbàdúrà létí òkun. Màmá nu ojú, ó ní, "Ṣé bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́ nìyẹn? Obìnrin kì í dá òkun lọ. A jọ ń lọ ni."

Nígbà tó ku èmi àti ọkọ mi, mo ní, "Kí ló dé tó o fi parọ́?"

"Ṣé o fẹ́ kó sunkún di ọjọ́ Àìkú ni?"

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tó bá ń lọ gbàdúrà létí òkun, ó di dandan kó bá àwọn èèyàn rẹ̀ bu omi òkun bọ̀. Ọ̀kan fẹ́ fi wẹ ọmọ, òmíràn fẹ́ wọ́n ọn sí ṣọ́ọ̀bù, òmíràn fẹ́ kí n dárúkọ ọ̀tá òun sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Kálukú ya ìrépé aṣọ rẹ̀, ó so ó mọ́ etí kẹ́ẹ̀gì kí n lè dá a mọ̀. Àlhájà tó ń ta aṣọ ní iwájú mi náà gbé tirẹ̀ dé.

Mo ní, "Àlhájà, ẹ̀yin náà?"

Ó ní, "Èmi ò sí nínú ti aláṣọ funfun yín o. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ dára fún orúnkún. Ṣé orúnkún ló ń ṣe ẹ̀sìn ni?"

Kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá. Mo bá ọkọ mi jà títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó ní kí n má bínú, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi.

Bí a ṣe gbéra nìyẹn, èmi, Màmá àti kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá. A wọ bọ́ọ̀sì dé Oǹdó, a wọ òmíràn dé Orè, a gba Òkìtìpupa já sí Igbókòdá, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní gbogbo ọ̀nà, ẹni yòówù tó bá fi ara kan kẹ́ẹ̀gì, Màmá á sọ fún un pé, "Ẹ rọra o. Ìyàwó mi yìí, gbogbo àdúgbò ló gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lé lọ́wọ́." Nínú ọkọ̀ ojú omi, èébì gbé mi. Obìnrin kan na ẹ̀kọ sí mi, mo mi orí. Màmá gba ẹ̀kọ náà, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Ààwẹ̀ ló wà."

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìgbafẹ́ ló pàdé wa létí omi, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àwọ̀n. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ìrépé aṣọ tó wà létí wọn, ó wo ojú mi tó ti funfun nítorí èébì, ó sì bọ́ fìlà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Wòlíì."

"Mi ò kì í ṣe wòlíì."

Ó mi orí. "Mo mọ̀, Ìyá. Wòlíì òtítọ́ kì í pe ara rẹ̀ ní wòlíì."

Ẹ sọ fún mi, irú ọ̀rọ̀ wo ni èèyàn máa fi dá irú èyí lóhùn? Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wòlíì ni mí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wòlíì òtítọ́ ni mí.

Yàrá náà kò burú fún ẹni tó ń san ìdajì owó. Bẹ́ẹ̀dì rì láàárín bí ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé, iyanrìn wà nínú aṣọ ìtẹ́lẹ̀, fèrèsé ò ṣeé tì. Òkun ń hó láìdáwọ́dúró bíi pé ẹnì kan ń da gàrí sílẹ̀ láti inú àpò tí kò nísàlẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ní lọ́la, màá jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga, mo ṣí ilẹ̀kùn láti lọ jókòó. Obìnrin mẹ́jọ ti wà lórí ìloro, wọ́n kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ta lẹ̀ ń wá?"

Màmá dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn mi kí wọ́n tó la ẹnu. "Òun náà nìyí. Ẹ jókòó, ó ti jí."

Èyí tó wà níwájú sọ pé ẹja tí òun ń yan kì í tà mọ́ ní Igbókòdá. Ó ní ẹnì kan ti di ọjà òun. Ó ṣí agbọ̀n rẹ̀ kí n lè gbàdúrà sí i. Mi ò tíì sún mọ́ ọn tán tí òórùn rẹ̀ fi kí mi káàárọ̀.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó di ọjà rẹ. Ẹja rẹ kò gbẹ. O ń yára gbé e kúrò lórí iná nítorí pé igi wọ́n. Gbé e padà, yan án fún ọjọ́ kan sí i, kó o sì dẹ́kun kíkó èyí tó dára bo èyí tí kò dára. Oníbàárà lójú."

Obìnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja. "Ó rí i! Ta ló sọ fún yín pé mo máa ń kó èyí tó dára bò ó?"

Ta ló sọ fún mi! Èmi tí mo ti ń to abọ́ tó ṣánpá, tí etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, sí ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i!

Ìròyìn náà sáré ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ kẹta, wọn kò ṣeé kà mọ́. Ọmọkùnrin kan ń béèrè bóyá kí òun lọ sí Èkó. Ìyàwó tuntun kan ní ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀. Ìyá kan sunkún fún mi pé ìyàwó ọmọ òun ní ẹnu bí abẹ, mo sọ fún un pé mo mọ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀, mo ní kò sí oògùn rẹ̀. Ó dúpẹ́ títí. Kò sí ìgbà tí mo fẹ́ wọlé tí ẹnì kan kò fà mí láṣọ. Iṣan ọrùn mi ti ń lù. Mo ń ronú nípa ata. Mo fi ilé mi sílẹ̀, mo gun mọ́tò mẹ́ta àti ọkọ̀ ojú omi kan, mo sanwó, kí n lè wá kú síwájú àwọn tí kò mọ̀ mí.

Màmá ńkọ́? Màmá ń gbádùn. Òun ló ń to èrò. "Ìwọ tó o ru agbọ̀n, lọ sẹ́yìn. Ìwọ, kí lo mú wá?" Ohun tí wọ́n mú wá ni ẹja tútù, edé, àgbọn. Ó ń jẹ ẹ́. Tó bá di ọ̀sán, á tẹ́ ẹní sábẹ́ fèrèsé, á hanrun. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ lé àwọn èèyàn yìí fún mi."

"Kí n lé alábùkún? Ìwọ lo ní o fẹ́ wá gbàdúrà."

"Ọmọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ọmọ mi kì í parọ́."

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ ni wòlíì gidi. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta náà ló dé, àgbà ọkùnrin, aṣọ funfun, agogo lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì ń ru ju ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Gbogbo àwọn èèyàn tó wà lórí ìloro mi, ìjọ rẹ̀ ni. Ó lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Obìnrin yìí, ẹ̀mí wo lo fi ń ríran ní àyíká mi?"

Mo sáré kúnlẹ̀. Ó ṣe é ní kàyéfì, ó tẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Abọ́ ni mò ń tà ní Ìdànrè. Ẹ bá mi kó wọn lọ."

"Kí ni kí n kó lọ?"

"Àwọn èèyàn yín. Gbogbo wọn. Èyí tó fẹ́ lọ sí Èkó yẹn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú."

Bàbá náà wò mí títí. Ó ti mú ìwàásù wá láti fi bá mi jà, kò wá rí ibi tó máa lò ó. Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Abọ́ ló ń tà." Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ṣì ń sọ pé òun mọ ohun tí òun rí, ṣùgbọ́n agogo ṣáájú, wọ́n tẹ̀ lé e. Inú mi dùn débi pé mo ní kí olùtọ́jú ilé wá àwọn ọmọkùnrin tó máa bá mi pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì, kí n má bàa tún rí kẹ́ẹ̀gì lójú.

Ọjọ́ kẹrin wá dé. Ìloro dá páropáro. Kò sí òjò, kò sí oòrùn. Mo gbé àga lọ sétí omi, mo jókòó.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jókòó sápá ọ̀tún, mo jókòó sápá òsì. Bí atẹ́gùn bá ta ewé àgbọn, màá yíjú bíi pé oníbàárà ló pè mí. Mo ń ronú bóyá àwọn ọmọ ti jẹun, bóyá ọkọ mi rántí ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. Nígbà tí mo fi máa wo iwájú mi, mo ti ṣa ìkarahun òkun jọ, mo ti tò wọ́n kalẹ̀ sórí iyanrìn, ńlá sí abẹ́, kékeré sórí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń to abọ́. Mo ti ya èyí tó fọ́ sọ́tọ̀, tí màá dín owó rẹ̀ kù.

Mo gbá wọn dànù. Ẹkún gbé mi. Kí wòlíì dí mi lọ́wọ́, kí kẹ́ẹ̀gì dí mi lọ́wọ́, ó ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi? Ta ni mo máa pè wá kó mi lọ?

Màmá jí, ó wá bá mi níbẹ̀, ojú oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo ìkarahun tó fọ́n ká, ó jókòó sórí iyanrìn.

Ó ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún, ọma mi?"

"Mi ò lè sinmi, Màmá."

Ó pòṣé. "O tún ti sọ ọ́. Alààyè kì í sinmi. Alààyè ń sọ ẹrù ni. Nígbà tí a wà lókè, tí a bá ru iṣu láti oko bọ̀, tí a ń gun òkè, ó ní ibi tí gbogbo wa ti ń sọ ẹrù. Ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀. O sọ̀ ọ́ kalẹ̀, o dúró tì í, o jẹ́ kí òógùn gbẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá ń wo èyí tó kù láti gùn, òógùn ọ̀hún ò ní gbẹ láéláé."

Inú bí mi. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ eléyìí fún mi láti ilé?"

"Ṣé o bi mí? Ọ̀rọ̀ òkú lo wá sọ sí mi létí."

Ọjọ́ karùn-ún ni ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ wá gbé wa, lọ́sàn-án. Àárọ̀ ni mo ti di ẹrù. Mo ní kí n kàn lọ wo òkun lẹ́ẹ̀kan sí i kí owó mi má bàa ṣòfò. Mi ò gbé àga. Mo jókòó sórí iyanrìn lásán, mo na ẹsẹ̀. Omi wá, ó kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó padà. Ó tún wá. Mi ò mọ ìgbà tí mo dẹ́kun ríronú nípa ilẹ̀kùn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé mo fọwọ́ kan ọrùn mi, iṣan náà sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí arúgbó tó ń bọ̀ láti ìpàdé. Mo ní, háà, òun nìyí.

Ìgbà náà gan-an ni ọkọ̀ fọn fèrè.

"Ìyá Alábọ́!" Olùtọ́jú ilé ló ń pariwo. "Ẹ máa bọ̀ o! Àwọn kẹ́ẹ̀gì yín ti wọ ọkọ̀!"

Ara mi gbọ̀n láti dìde, nítorí pé bí wọ́n bá ti pè mí, dídìde ni mo mọ̀. Orúnkún kan ti kúrò nílẹ̀. Mo wá dá a padà.

Mo ní, "Kí wọ́n máa lọ."

"Ẹ ní kí ni?"

"Kí wọ́n máa kó kẹ́ẹ̀gì lọ, kí wọ́n já a sílẹ̀ ní Igbókòdá, a ó bá a níbẹ̀. Èmi ò tíì dìde."

"Ìyá, kò sí ọkọ̀ míràn títí di ọ̀túnla!"

"Mo gbọ́."

Màmá ti wọ ọkọ̀. Ó ti jókòó sórí agbọ̀n ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó ti ń ronú bí òun yóò ṣe pín in nílé. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ padà sínú omi, ẹ̀wù rẹ̀ rin dé itan, agbọ̀n ẹja lórí, ó sì ń bú mi bọ̀. Ó ní orí mi ti dàrú. Ó ní ọmọ òun fẹ́ obìnrin tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó ní ta ni yóò sọ fún ará ilé pé a kò kú? Ó ní ẹja òun yóò bà jẹ́, pé àti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn ni òun ti mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mí, pé abọ́ tí mo fún òun lọ́dún Kérésì gan-an, ó ti ṣánpá.

Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń kán omi sí mi lára, kò mí.

Ọkọ̀ ti ń lọ. Èsì mẹ́rin ló ti tò sẹ́nu mi, ọ̀kan mú ju ọ̀kan lọ, èyí tó jẹ mọ́ abọ́ yẹn dára gan-an. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá. Mo na ẹsẹ̀ mi kejì sínú omi.